Paulin Soumanou Vieyra àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Kọ́ ní Paris

Ní ìlú Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, ni a bí Paulin Soumanou Vieyra sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kínní ọdún 1925. Abẹ́ ìjọba Faransé ni ìlú náà wà nígbà náà, òun sì ni olú-ìlú ilẹ̀ tí a ń pè ní Dahomey, tí ó yí orúkọ padà sí Benin ní ọdún 1975. Ẹni tí ó bá fetí sí orúkọ ọmọ yìí dáradára yóò mọ irú ìlú tí Àjàṣẹ́ jẹ́. Paulin jẹ́ orúkọ onígbàgbọ́ tí àwọn Faransé ń sọ ọmọ wọn. Soumanou kò sì jẹ́ nǹkan mìíràn ju Súmọ́nù, orúkọ tí kò ṣàjèjì ní Ìbàdàn, ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akọ̀wé Faransé kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Vieyra ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ àwọn Agùdà, èyíinì ni àwọn ìdílé tí ó ti ilẹ̀ Bùràsíìlì padà wá sí etí òkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ègùn, Yorùbá àti Agùdà ni wọ́n jọ ń gbé ìlú náà, mọ́ṣáláṣí ńlá kan sì wà níbẹ̀ tí a kọ́ ní ìlànà àwọn Agùdà, tí àlejò tí kò bá béèrè yóò pè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọmọ tí a bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá dàgbà tí ó di ẹni tí ń ronú lórí ohun tí ojú ń rí àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò yẹ kí ó yani lẹ́nu jù.

Ṣùgbọ́n Vieyra kò pẹ́ ní Àjàṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé láti lọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà. Ọdún 1935 ni èyí. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tí ń gbé ọmọ ilé-ìwé wá sílé fún ìsinmi nígbà náà; ọkọ̀ ojú omi ni, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó sì ń gbà lórí òkun. Ọmọ tí ó bá fi ilé sílẹ̀ ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò gbọ́ nínú oríkì ìdílé rẹ̀, díẹ̀ ni yóò rí nínú ọdún ìbílẹ̀, òwe tí ó yẹ kí ó gbọ́ lẹ́nu bàbá àgbà yóò sì di èyí tí yóò máa wá nínú ìwé nígbà tí ó bá dàgbà tán. Ìwé Faransé ni Vieyra kà, òjò dídì ilẹ̀ Faransé ni ó sì mọ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Ogun Àgbáyé Kejì fi bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ-ogun Jámánì gba Paris, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì fi wà níbẹ̀. Bí Vieyra ṣe di ọ̀dọ́mọkùnrin nìyẹn, ní ilẹ̀ kan tí àwọn tí ń ṣàkóso ilé bàbá rẹ̀ ti di ẹni tí àjèjì ń ṣàkóso.

Nígbà tí ogun parí, àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà pọ̀ ní Paris ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn kan wá kọ́ òfin, àwọn kan ìṣègùn, àwọn kan sì jẹ́ ọmọ-ogun tí kò padà sílé mọ́. Ní ọdún 1947, Alioune Diop, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀ tí ó pè ní Présence Africaine, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sì rí ibi tí wọn yóò ti máa sọ èrò ọkàn wọn. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni wọ́n ń jiyàn lé lórí jù, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tí ń dun àwọn kan nínú wọn bí ẹ̀gún inú ẹsẹ̀. Ohun náà ni sinimá. Bí ọmọ Áfíríkà kan bá san owó rẹ̀ tí ó wọ ilé sinimá, tí wọ́n pa iná, irú ará ilé rẹ̀ wo ni yóò rí? Yóò rí Tarzan tí ń fò láti orí igi dé orí igi, yóò sì rí àwọn adúláwọ̀ tí ń ru ẹrù tẹ̀lé òyìnbó nínú igbó, tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn, tí ọ̀rọ̀ kan kò sì ti ẹnu wọn jáde bí kò ṣe igbe. Bí iná bá tún tàn, àwọn tí wọ́n jọ wo sinimá náà yóò yíjú wò ó.

Láàárín irú àkókò yìí ni Vieyra pinnu pé iṣẹ́ sinimá ni òun yóò kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Paris fún un, tí Marcel L'Herbier, ògbólógbòó adarí sinimá, dá sílẹ̀ nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Institut des Hautes Études Cinématographiques ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n IDHEC ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìdánwò ibẹ̀ kò rọrùn, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá sí i. Vieyra wọ ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, òun sì ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ni níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó bá ti lè di kámẹ́rà mú ti di oníṣẹ́ sinimá. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí a ti ń kọ ìtàn sílẹ̀ kí a tó ya ohunkóhun. Yóò kọ́ bí iná ṣe ń jẹ́ kí ojú kan dàbí ojú olóòótọ́ tàbí ojú ọ̀daràn. Yóò kọ́ bí a ti ń gba ohùn, àti bí a ti ń ṣírò owó kí iṣẹ́ má baà dúró ní agbedeméjì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, yóò kọ́ iṣẹ́ tí ó ṣòro jù, èyíinì ni gígé fíìmù sí wẹ́wẹ́ àti títò ó pọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Kuleshov, ni ó ti fi agbára iṣẹ́ yìí hàn ní ìgbà àtijọ́. Ó mú àwòrán ojú ọkùnrin kan, ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún, ó tò ó mọ́ àwòrán abọ́ oúnjẹ. Àwọn tí ó wò ó sọ pé ebi ń pa ọkùnrin náà. Ó tún tò ó mọ́ àwòrán pósí òkú. Wọ́n sọ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni. Ọmọ Áfíríkà tí ó bá kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí yóò rí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò kọ́ ọ kò rí. Yóò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tí ó fẹ́ ba ènìyàn jẹ́ máa ń parọ́ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó ti gé e, ohun tí ó tò tẹ̀lé e, àti ohùn olùsọ̀tàn tí ó fi bò ó ni irọ́ ń gbà wọlé. Ní ọdún 1954, Vieyra ṣe fíìmù kúkúrú kan, C'était il y a quatre ans, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni pé ó di ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Ó ti wá gboyè tán, ọgbọ́n ń bẹ lọ́wọ́, ilé ni ó sì fẹ́ lọ yà. Níbẹ̀ ni ó ti kan ìgànnà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1934, ọdún kan kí Vieyra ọmọdé tó wọ ọkọ̀ ojú omi, Pierre Laval, tí ó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, ti fi ọwọ́ sí àṣẹ kan. Àṣẹ náà sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ya sinimá tàbí kí ó gba ohùn sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ìjọba, kí àwọn aláṣẹ sì yẹ ìtàn tí ó fẹ́ yà àti irú ẹni tí ó jẹ́ wò. (Laval yìí kan náà ni ó bá àwọn ará Jámánì ṣe pọ̀ nígbà ogun, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì yìnbọn pa gẹ́gẹ́ bí ọ̀dàlẹ̀ ní ọdún 1945. Ó lọ, ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ kò bá a lọ.) Àwọn òyìnbó tí ń ya ijó, ìlú àti ẹranko igbó kì í sábà rí ìdíwọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya bí ayé ṣe rí gan-an ni àṣẹ náà ń dè sílẹ̀.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí Vieyra. René Vautier, ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé kan tí ó ti jáde ní IDHEC ṣáájú rẹ̀, lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1949 láti ya ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń fi yangàn. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni àwọn ènìyàn tí a ń fi agbára mú ṣiṣẹ́ àti àwọn abúlé tí ọmọ-ogun ti bàjẹ́. Ohun tí ó rí ni ó yà. Àwọn ọlọ́pàá gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú fíìmù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìba díẹ̀ tí ó rí gbé sá ni ó fi ṣe Afrique 50, fíìmù tí kò pé ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí àṣẹ Laval, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n, fíìmù náà kò sì rí ojú ayé ní ilẹ̀ Faransé fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Bí a bá ṣe èyí fún òyìnbó, kí ni a óò ṣe fún ọmọ Àjàṣẹ́?

Vieyra kò dá nìkan wà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Mamadou Sarr, Jacques Mélo Kane àti Robert Caristan, wọ́n sì ti pe ara wọn ní Groupe Africain de Cinéma, ẹgbẹ́ sinimá àwọn ọmọ Áfíríkà. Wọ́n tọrọ àyè láti lọ ya fíìmù ní Áfíríkà, a kò gbà fún wọn. Àwọn mìíràn ì bá ká kámẹ́rà wọn kò kí wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa sọ pé bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bí wọn kò bá lè ya Áfíríkà ní Áfíríkà, Áfíríkà wà ní Paris níwájú wọn: òun ń gbá títì, òun ń lọ sí yunifásítì, òun ń jókòó ní ilé kọfí. Wọ́n rí àtìlẹ́yìn ìgbìmọ̀ kan ní Musée de l'Homme, ilé ńlá tí a ti ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ẹ̀yà ayé pamọ́ sí nígbà náà, ìgbìmọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi sinimá kọ́ nípa àṣà àwọn ènìyàn. Báyìí ni Afrique-sur-Seine ṣe jáde ní ọdún 1955. Seine ni orúkọ odò tí ó la Paris já. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ni fíìmù náà, dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, Vieyra àti Sarr ni wọ́n sì darí rẹ̀.

Àwọn ọmọdé tí ń ṣeré nínú odò kan ní Áfíríkà ni fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fò sínú omi, tí ohùn olùsọ̀tàn sì ń rántí ìgbà èwe. Lójijì, a bá ara wa ní Paris. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ń rìn ní àdúgbò àwọn ọmọ yunifásítì. Adúláwọ̀ kan ń fi ìgbálẹ̀ gbá ojú títì. Àwọn kan ń jẹun, àwọn kan ń jó. Ọmọkùnrin dúdú àti ọmọbìnrin òyìnbó di ọwọ́ ara wọn mú. Kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà fúnra rẹ̀, olùsọ̀tàn nìkan ni ohùn rẹ̀ ń dún. Ẹni tí ó bá wò ó lónìí lè bi ara rẹ̀ pé kí ni ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé láti ìgbà tí sinimá ti dé ayé ní ọdún 1895, òyìnbó ni ń gbé kámẹ́rà lọ sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú láti lọ wo bí wọ́n ti ń jẹ àti bí wọ́n ti ń sùn. Ní ọjọ́ tí Vieyra àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ ní àárín Paris, ọmọ Áfíríkà ni ó ń wo ilé òyìnbó. Wọ́n ní ẹjọ́ wọn nínú fíìmù náà pẹ̀lú: àwọn kan ti sọ pé ọ̀rọ̀ olùsọ̀tàn tutù jù, pé ó yin Paris ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé ìfẹ́ láàárín dúdú àti funfun nígbà tí òmìnira kò tíì sí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kọ̀ láti fún ní àyè ya ilé tiwọn kò lè pariwo ní ilé onílé, àwòrán ọkùnrin tí ń gbá títì náà sì sọ ohun tí olùsọ̀tàn kò fi ẹnu sọ.

Àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí bóyá fíìmù yìí ni àkọ́kọ́ tí ọmọ Áfíríkà dúdú ṣe, nítorí pé a mọ̀ pé Mamadou Touré, ọmọ ilẹ̀ Guinea, ṣe fíìmù kékeré kan, Mouramani, ní ọdún 1953. Síbẹ̀, Afrique-sur-Seine ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn sinimá àwọn ọmọ Áfíríkà dúdú.

Ní àkókò kan náà, Jean Rouch, òyìnbó tí ó mọ Áfíríkà dáradára, fi fíìmù rẹ̀ tí ń jẹ́ Les Maîtres fous hàn ní Musée de l'Homme. Nínú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ kan tí ó ti agbègbè odò Ọya lọ sí Accra ti ń ṣe orò, tí ẹ̀mí ń gùn wọ́n, tí ìfófòó sì ń yọ lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wò ó bínú gidigidi. Kì í ṣe pé Rouch parọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó yà. Ohun tí ó ń dùn wọ́n ni pé ta ni yóò rí fíìmù náà, kí ni ẹni bẹ́ẹ̀ sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa Áfíríkà. Láti ìgbà yìí ni Vieyra ti ń fi kálàmù ran kámẹ́rà lọ́wọ́. Ó kọ̀wé nínú Présence Africaine láti yẹ bí sinimá Faransé ti ń gba ẹnu Áfíríkà sọ̀rọ̀ wò. Orílẹ̀-èdè tí kò bá lè ya àwòrán ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ní agbedeméjì àwọn ọdún 1950 ni ó fi Paris sílẹ̀. Kò lọ sí Àjàṣẹ́. Dakar ni ó lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni olú-ìlú gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ìjọba nípa sinimá sì wà. Bí ìyá kan bá ní ọmọ tí ó lọ fún ogún ọdún, tí ó sì tún wá ń gbé ìlú ẹlòmíràn, ó lè rò pé ayé ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wà ní Paris pẹ̀lú àwọn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọ Guinea àti ọmọ Madagascar lábẹ́ òrùlé kan kì í tún wo ààlà tí òyìnbó fi rúlà fà mọ́. Dakar gbà á bí ọmọ, títí di òní ni àwọn ìwé kan sì ń pè é ní ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà.

Nígbà tí Sẹ̀nẹ̀gà gba òmìnira ní ọdún 1960, Vieyra ni a fi ṣe olórí iṣẹ́ sinimá ìròyìn orílẹ̀-èdè náà, tí a ń pè ní Actualités Sénégalaises. Kí tẹlifíṣọ̀n tó wọ́pọ̀, ilé sinimá ni àwọn ènìyàn ti ń rí ìròyìn, kí eré tí wọ́n wá wò tó bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ya ìrìn-àjò Ààrẹ Senghor, wọ́n ya ṣíṣí afárá àti ilé-ìwé, wọ́n ya ọdún àti ìpàdé. Ohun kan ṣì ń fi ìgbèkùn hàn nínú iṣẹ́ náà: ilé tí a ti ń fọ fíìmù kò sí ní Dakar. Paris ni fíìmù tí a yà ní Dakar ń lọ fún fífọ̀ kí ó tó padà wá bá àwọn tí a ya àwòrán wọn. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà ní Paris, tí kò mọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ àti bí a ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, ì bá ṣòro fún un láti mú un lọ létòlétò.

Láàárín iṣẹ́ ìjọba ni ó ti ń jí àkókò ṣe fíìmù tirẹ̀. Une nation est née, ti ọdún 1961, fi ijó àti àwòrán sọ ìtàn Sẹ̀nẹ̀gà láti ìgbà àtijọ́ títí dé òmìnira. Lamb, ti ọdún 1963, dá lórí ìjàkadì àwọn Wolof, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fi ń wẹ̀, ìlù, àti ìgbéraga àwọn òǹjà kí wọ́n tó dì mú ara wọn. Wọ́n fi í hàn ní àjọ̀dún sinimá ní Cannes ní ọdún 1964. Àwọn òyìnbó ti ya irú ìjàkadì bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wọ́n yà á bí eré àwọn ará oko. Vieyra yà á bí ẹni tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni, ẹ̀kọ́ ni, ó sì ní òfin. Ní ọdún 1965, ó mú ìtàn kan tí Birago Diop, gbajúgbajà òpìtàn Sẹ̀nẹ̀gà, ti kọ sílẹ̀, ó fi ṣe N'Diongane.

Èyí tí ó sọ nǹkan jù nípa rẹ̀ nínú àwọn fíìmù ìgbà náà ni Môl, tí í ṣe apẹja ní èdè Wolof. Ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ tí àwọn bàbá rẹ̀ ń fi àjẹ̀ wà. Kò kẹ́gàn òkun, kò kẹ́gàn àwọn àgbà. Ó ṣáà fẹ́ kí ọkọ̀ lọ jìnnà. Ní ọdún 1957 ni Vieyra bẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí, ọdún 1966 ni ó tó parí rẹ̀. Owó ni kò sí, àkókò ni kò sí, àwọn mìíràn sì wà tí ó ń ràn lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn yìí ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀kan nínú wọn ni Ousmane Sembène. Òṣìṣẹ́ èbúté ni Sembène ní Marseille, ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé, ó di òǹkọ̀wé, ó sì ti sún mọ́ ogójì ọdún kí ó tó lọ kọ́ sinimá ní Moscow ní ọdún 1962. Nígbà tí ó dé, àṣẹ Laval ti bá ìjọba amúnisìn lọ. Ó gbé kámẹ́rà sí ìgboro Dakar ní ọdún 1963, ó ya Borom Sarret, ìtàn ọkùnrin kan tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó ẹrù. Ohun tí a kọ̀ fún Vieyra ní ọdún 1955 ni Sembène rí ṣe láàárín ọdún mẹ́jọ péré. Ènìyàn kékeré ì bá jowú. Vieyra di ẹni tí ń bá a bójú tó owó, ènìyàn àti ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ ńlá bíi Emitaï ti ọdún 1971 àti Xala ti ọdún 1975. Ní ọdún 1972, ó kọ odindi ìwé kan nípa Sembène. Nígbà tí Sembène sì ń ya Ceddo, Vieyra ya bí wọ́n ti ń yà á, ó sì sọ fíìmù náà ní L'Envers du décor. A kò lè ka iye wákàtí tí ó fi sínú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Orúkọ Sembène kárí ayé. Ti Vieyra, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n ń dá a mọ̀ jù.

Paris ni ó ti mọ̀ pé fíìmù kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n ṣe Afrique-sur-Seine. Nítorí náà, ní ọdún 1970, ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ gbogbo oníṣẹ́ sinimá Áfíríkà, FEPACI, sílẹ̀. Ó sì rí i pé bí ìtàn iṣẹ́ wọn kò bá sí nínú ìwé, yóò di pé òyìnbó ni yóò tún kọ ọ́ fún wọn. Ní ọdún 1969, ó tẹ Le Cinéma et l'Afrique jáde. Ní ọdún 1975, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde tí ó to àwọn fíìmù Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 1973 lẹ́sẹẹsẹ, orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó bá ń wádìí ìtàn sinimá ilẹ̀ Áfíríkà kò lè yẹ ìwé náà sílẹ̀.

Ilé rẹ̀ náà kò ṣàìní àmì ìgbà akẹ́kọ̀ọ́. Myriam Warner, ọmọ erékùṣù Guadeloupe, ni ó fẹ́, tí òun náà ti kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé kí ó tó dé Dakar. Olùtọ́jú ilé ìkàwé ni obìnrin yìí, òǹkọ̀wé sì ni pẹ̀lú. Ìtàn àròsọ rẹ̀, Juletane, tí ó jáde ní ọdún 1982, sọ nípa ọmọbìnrin erékùṣù kan tí ó pàdé akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ní Paris, tí ó bá a lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, tí ó sì wá mọ̀ pé ìyàwó mìíràn ti wà nílé. Ìtàn àròsọ ni, kì í ṣe ìtàn ilé àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó mú apá kan ìgbà náà wá sí ìmọ́lẹ̀ tí Afrique-sur-Seine kò fi hàn, èyíinì ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ìfẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ létí odò Seine nígbà tí a bá gbé e dé ilé.

Kí ó tó di ọdún 1981, Vieyra kò tíì ṣe fíìmù gígùn kankan tí ó jẹ́ ìtàn àròsọ. Ní ọdún náà ni ó ṣe En résidence surveillée, nípa ìdìtẹ̀ àti ìjàdù ipò ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí a fi ọgbọ́n orí dá. Ó yẹ fún àkíyèsí pé ọkùnrin tí ó ti fi ogún ọdún ya àwọn alágbára níbi tí wọ́n ti ń gé ọ̀já tí wọ́n sì ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ohun tí ó fẹ́ fi hàn nígbà tí àyè gbà á ni ohun tí ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn. Òun nìkan ni fíìmù gígùn irú bẹ́ẹ̀ tí ó ṣe.

Vieyra kú ní Paris ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1987, ní ẹni ọdún 62. Ní ọdún 1990 ni ìwé rẹ̀ ìkẹyìn jáde, Réflexions d'un cinéaste africain, àròjinlẹ̀ oníṣẹ́ sinimá kan tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Myriam lo ọgbọ̀n ọdún sí i lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó sì fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2017.